Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Kùn Ní Dúdú

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún, Ìyá Oníbúrẹ́dì pinnu pé òun máa ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò retí. Òun máa gbé kẹ̀kẹ́ bàbá àwọn lọ tún ṣe. Kì í ṣe pé kó kàn nù ún kó sì fi epo pa á lára, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kó rìn. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun gùn ún lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí náà, kó wà á dé ìpẹ̀kun àdúgbò kó sì padà, kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wà. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà, Ọ̀gá Káfíńtà ni tèwe tàgbà ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ ìdúró onígi tó ń dán tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí ẹni gbé ọba gorí ìtẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ni. Bó bá ní pákó kan tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún un wọ̀n. Àlejò tó bá wọlé á béèrè pé kẹ̀kẹ́ ta nìyí, Ọ̀gá Káfíńtà á ní, "Ti bàbá wa ni." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Bàbá wọn, aago ló ń tún ṣe láyé rẹ̀. Aago ńláńlá ìta gbangba ni, ti ibùdókọ̀ ojú irin, ti ilé ẹjọ́, ti ilé ìwé. Òun ló ń gun àkàbà lọ yí wọn, tó ń fi epo sí eyín wọn, kẹ̀kẹ́ dúdú kan ló sì fi ń lọ láti ìdí aago kan dé òmíràn. Ọdún tí odò kún dé ojú fèrèsé ni àìsàn mú un lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò tíì pààrọ̀ eyín nígbà náà. Ohun tó rántí nípa bàbá rẹ̀ ò pọ̀: òórùn epo aago lọ́wọ́ rẹ̀, orin tó máa ń kùn láì la ẹnu, àti irin gbọọrọ tó dábùú àárín kẹ̀kẹ́, níbi tó máa ń gbé òun jókòó lé, tí ẹsẹ̀ òun méjèèjì á máa jù fìrì fìrì lápá kan, tí ọwọ́ òun á wà lórí agogo.

Ìdí nìyí tí kì í fi í dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó má kọ́kọ́ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kó tó kí èèyàn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà ló lọ jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ búrẹ́dì rẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló lọ. Ó ti bá irin yẹn sọ̀rọ̀ ju bó ti bá ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ran ara sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀gá Káfíńtà ti rìnrìn àjò lásìkò náà. Wọ́n pè é lọ ṣe àga àti tábìlì sí ilé ìwé kan ní ìlú mìíràn. Èyí ló mú kí àbúrò rẹ̀ rò pé àkókò ti tó.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n tètè gbé e lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé," ló wí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọ ilé wọn ló ti ń pe Ìyá Oníbúrẹ́dì ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù ú lọ. Aṣọ tó gbẹ ló ń ká lọ́wọ́. Ó ká aṣọ ìbùsùn kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi, ṣé kò ní dáa kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná?"

"Bí wọ́n bá ti dé, kí ló tún kù tó máa yà wọ́n lẹ́nu?"

"Irin àtijọ́ ni. Kí ẹnìkan má lọ tú u palẹ̀ kó wá di pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà."

"Ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún, bó bá tú ẹ̀yin gan-an palẹ̀, á tò yín padà, ẹ ó sì tún máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ìyàwó kúrú, ṣùgbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì ò kíyè sí i. Ó ti ń wá okùn tó máa fi so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó fi ń gbé búrẹ́dì.

Ẹni tó gbé e lọ fún ni wọ́n ń pè ní Sípóòkù. Ọkùnrin náà tín-ín-rín bíi sípóòkù lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nìkan ló sì ń tún ṣe. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló kún òkè àjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí kó tó wọlé. Àwo kéékèèké wà lórí tábìlì rẹ̀, nọ́ọ̀tì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tóbi ju ara wọn lọ. Òórùn rọ́bà àti kẹrosíìnì ló gba ibẹ̀ kan. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kẹ̀kẹ́ ló máa ń kọjú sí, kì í kọjú sí ẹni tó ni ín.

"Ìwọ náà ti rí nǹkan láyé," ló sọ fún kẹ̀kẹ́ Bàbá, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà tó ti gan. "Màmá, ọdún wo ni wọ́n ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà."

"Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ni o. Bíréèkì ọdún kan kì í wọ ti ọdún mìíràn. Bí mo bá kàn ra èyí tí mo bá rí, á dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá wọ bàtà ọmọ ilé ìwé." Ó fa ìjókòó kan wá sídìí kẹ̀kẹ́. "Kẹ̀kẹ́ dà bí èèyàn, ó lọ́jọ́ orí. Àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀ máa ń bára dọ́gba. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Á sọ fún mi fúnra rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tó fi ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó dé, kẹ̀kẹ́ wà lórí tábìlì, wọ́n ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Sípóòkù ò kọjú sí kẹ̀kẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọjú sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo lẹ ní bàbá yín kú?"

"Ọdún tí omi ya wọ ìlú. Kí ló dé?"

Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sún mọ́ ọn, ó fi aṣọ nu irin róbótó tó wà láàárín, níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Ó fún un ní dígí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Nọ́ńbà wà lára irin náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú rẹ̀: oṣù, lẹ́yìn náà ọdún. Ìyá Oníbúrẹ́dì kà á. Ó nu dígí, ó tún un kà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọdún omíyalé ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lè ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń gùn ún."

"Ohun témi náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn," ni Sípóòkù wí. "Ẹsẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Pẹ́dà ṣeé pààrọ̀. Pẹ́dà yìí gan-an, àná-mọ́jú ni. Mi ò jẹ́ fi ẹ̀yà kan ṣoṣo dájọ́ kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo egungun rẹ̀, irin tó di gbogbo ara rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ egungun, kì í ṣe òun mọ́ nìyẹn."

Ó dojú egungun kẹ̀kẹ́ dé. Lábẹ́ ibi tí pẹ́dà méjèèjì ti pàdé, ó ti fi pépà oníyanrìn fá ọ̀dà títí nọ́ńbà fi yọ, lẹ́tà kan sì ṣáájú nọ́ńbà náà. Ó mú Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ sí igun ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kẹ̀kẹ́ mìíràn dúró sí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ó sì ra tirẹ̀ ní titun lọ́sẹ̀ tó wọ iṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn omíyalé ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Lẹ́tà kan náà ló wà lábẹ́ wọn. Nọ́ńbà ti nọ́ọ̀sì kéré sí ti kẹ̀kẹ́ Bàbá.

"Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló ṣáájú dé ayé," ni Sípóòkù wí. "Àbúrò ti nọ́ọ̀sì ni tiyín."

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé dígí náà sílẹ̀. Sípóòkù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbádùn rẹ̀. Ó fi hàn án níbi tó ti fá ọ̀dà dúdú: àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́, pẹ̀lú ìlà wúrà tín-ín-rín. Lábẹ́ àwọ̀ ewé, irin ni. Kò sí dúdú kankan níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n ṣe é jáde, ẹnìkan ló wá kùn ún ní dúdú.

"Àtùpà rẹ̀ ńkọ́?" Ohùn Ìyá Oníbúrẹ́dì ti yí padà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Àpá kékeré kan wà lójúgun rẹ̀, ó dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. "Àtùpà bàbá mi ló jó mi níbí. Ara irin iwájú ló máa ń wà, lápá ọ̀tún. Ibo ni wọ́n ń fi kọ́?"

Sípóòkù fọwọ́ pa irin iwájú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò sí ìkọ́ níbí rí, Màmá. Bí wọ́n bá gé ìkọ́ kúrò, ojú rẹ̀ máa ń hàn lára irin. Mo fá a dé irin. Irú èyí, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé àtùpà sí."

Ìgbà náà ni inú bí i. Gbogbo "ẹ" tó ti ń lò fún ọkùnrin náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Níbo lo gbé kẹ̀kẹ́ bàbá mi sí? O rí ohun tó dáa, ojú rẹ wọ̀ ọ́, o wá lọ fi òmíràn rọ́pò, o wá ń ka nọ́ńbà fún mi."

Ara Sípóòkù bù máṣọ. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí ògiri, ó mú ìjókòó kẹ̀kẹ́ wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Aṣọ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú okùn pupa tó fi parí rẹ̀ nígbà tí okùn dúdú tán. Eruku pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó gbé wá ni kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ó gbé ìjókòó náà sílẹ̀, ó jáde láì dágbére.

Bó ti ń lọ lọ́nà, ó ń gbìyànjú láti wá àwíjàre fún gbogbo ayé. Bóyá olè ni. Àmọ́ olè wo ló ń jí kẹ̀kẹ́ tó tún ń fi òmíràn sílẹ̀, tó tún kùn ún ní dúdú kí inú onílé má bàa bàjẹ́? Ó wá rántí pé lẹ́yìn ikú Bàbá, wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àǹtí ìyá òun ní ìlú tó jìnnà láti lọ kàwé, ọdún mélòó kan ni òun sì lò níbẹ̀ láì wálé. Ìyá òun ló máa ń wá wo òun. Gbogbo ìgbà tó bá wá, ohun tí òun kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ńkọ́?" Ìyá òun á sì dáhùn pé ó wà.

Kò lọ sílé. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yẹra kó wọlé. Ìdúró onígi òfìfo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Kẹ̀kẹ́ ta ni mo gbé kúrò níbí?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì béèrè.

Obìnrin náà jókòó. "Mo sọ fún wọn. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé kí wọ́n sọ fún yín. Wọ́n á ní àwọn máa sọ ọ́. Wọ́n á ní kí n ní sùúrù."

"Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi..."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ta ló tún mọ̀?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn ọmọ mọ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Inú ilé ni wọ́n dàgbà sí. Kò sí bí wọn ò ṣe ní gbọ́."

Ìyá Oníbúrẹ́dì di ẹ̀yìn àga mú. Ó rántí gbogbo ọjọ́ tó ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀ yìí tó ń fi aṣọ àti epo nu sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ ń kọjá lọ, tí wọ́n ń kọjá bọ̀, tí wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ó wá béèrè èyí tó ń bẹ̀rù jù.

"Màmá ńkọ́?"

"Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé. Ẹnu wọn ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ìyókù."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, Ọ̀gá Káfíńtà ò dúró parí iṣẹ́ tó lọ ṣe. Nígbà tó dé, kò yà sílé rárá, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló gbà lọ tààrà pẹ̀lú àpò ìrìn àjò lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ló wà nídìí tábìlì gígùn, ó ń po ìyẹ̀fun ti ọ̀sán.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Kò dáwọ́ dúró.

Ọkùnrin náà jókòó lórí àpò fuláwà. Ṣòkòtò dúdú tó wọ̀ funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ìyàwó mi ní o ti mọ̀."

"Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe ti Bàbá. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Bàbá."

Ó gbé àpò ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fi ṣe pàṣípààrọ̀. O wà lọ́dọ̀ àǹtí nígbà náà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, tàbí kí n má tíì pé e."

"Kí lẹ gbà dípò rẹ̀?"

"Giramafóònù."

Ọwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró nínú ìyẹ̀fun.

"Ìyàwó mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "kò tíì di ìyàwó mi nígbà yẹn. Kò sí nǹkan kan nílé wa tó lè mú ọmọbìnrin wá jókòó. Ọkùnrin àjèjì kan tó ń kọjá lọ ló ní giramafóònù pẹ̀lú àwo orin, ó sì nílò kẹ̀kẹ́. Mo gbé e fún un. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó gbé e lọ."

"Ọmọbìnrin náà sì wá."

"Ó wá."

"Orin rẹ̀ dùn?"

"Kò pé ọdún kan tó fi bàjẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ̀rín tí kò ní inú dídùn kankan nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun padà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Màmá sunkún," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ mú ọ wálé, wọ́n ní kí n lọ wá òmíràn. Wọ́n ní ohun tí ọmọ yẹn máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, òun ò sì ní lè wo ojú rẹ̀. Mo rí aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ẹnìkan, mo bá a ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tó rí i gbà. Mo kùn ún. Màmá ló fi òkúta ha á kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Wọ́n ha á lára ọwọ́, wọ́n ha á lábẹ́ ìjókòó. Wọ́n mọ gbogbo ibi tí ti Bàbá ti ha."

Èyí gún un ju giramafóònù lọ. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú inú rẹ̀, obìnrin tó máa ń na òun nítorí irọ́ kékeré, tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́, tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ha irin ẹlòmíràn. Ó rántí ọjọ́ tó wálé. Ó ti sáré wọlé, ó ti dì mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ti ní, "Òórùn Bàbá ṣì wà lára rẹ̀." Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí padà, ó ní òun fẹ́ lọ pọn omi.

"Ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà yẹn," ló wí níkẹyìn. "Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní í bá òkú jà, mi ò sì ní í bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo dàgbà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ́kọ, mo bímọ, irun mi funfun. Nígbà tí Màmá kú, ta ló pè mí sí pálọ̀, tó ní ohun méjì ni Bàbá fi sílẹ̀, aago ara ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àti kẹ̀kẹ́, kí èmi tí mo jẹ́ àbúrò kọ́kọ́ mú?"

Ọ̀gá Káfíńtà dorí kodò.

"Mo mú kẹ̀kẹ́. Ilé mi ò gbà á, mo ní kó máa wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú un. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọwọ́ bàbá mi lára rẹ̀ rí. Ẹ gbé aago, ẹ fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún àkọ́bí yín."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ó ti pẹ́ jù láti sọ."

"Kò pẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ."

"Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀gá Káfíńtà dúró pé kó fi kún un. Kò fi kún un. Nígbà tó dìde, ó gbọn fuláwà kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n kò lọ.

"Ẹ lọ gba aago náà wá fún mi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ yẹn?"

"Ó ti mọ òótọ́ tipẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n ń purọ́ fún nínú ilé yín."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sípóòkù. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná dání, nítorí pé ẹnu lásán ò tó fún ohun tó sọ sí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fi ẹ̀sùn olè kàn yín, olè náà ò sì sí lọ́dọ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Sípóòkù gba búrẹ́dì náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ fi búrẹ́dì irú èyí bẹ̀ mí, kó máa bú mi lójoojúmọ́," ló wí, ó sì fa àga fún un. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kọjú sí kẹ̀kẹ́. "Dúdú ni kí n kùn ún padà àbí àwọ̀ ewé?"

"Àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ni kí ẹ kùn ún. Kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Bó bá ti ń rìn, ẹ fún ẹni tó bá máa gùn ún. Ẹ má gbé e padà fún mi."

Sípóòkù ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ obìnrin kan ló ń gùn ún báyìí lọ sí ilé ìwé, ó sì ń dán.

Ní ọjọ́ tí Ọ̀gá Káfíńtà pé àádọ́rin ọdún, Ìyá Oníbúrẹ́dì yan búrẹ́dì tó dáa jù fún ayẹyẹ náà, ó kó o ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ò sì lọ. Àwọn àlejò béèrè rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún wọn pé iṣẹ́ pọ̀ fún un, ó tún fi irọ́ kan kún èyí tó ti wà nílẹ̀.

Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé aago wá fúnra rẹ̀, ó fi kúbùsù wé e bí ọmọ tuntun. Ó gbé e sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí, ká ní mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ ni, mi ò bá ti gbé e wá tipẹ́."

"O mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́."

"Mo mọ̀."

"O sì ń wò mí."

Ọkùnrin náà, tí irun òun náà ti ń funfun létí, wo ilẹ̀. "Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. A rò pé ẹ mọ̀ ni. Àwa ọmọ rò pé ẹ kàn ń ṣe é bí àwọn èèyàn ṣe ń bá sàréè sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé òkú ò gbọ́. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò mọ bóyá ìyẹn tu òun nínú àbí ó dá kún un. Ó gbé aago kọ́ sí ara ògiri ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ó yí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ aago yẹn bó ti mọ kẹ̀kẹ́. Kò jókòó tì í rí, kò sọkún sí i lára rí. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé bó bá fẹ́ rántí bàbá rẹ̀ báyìí, pé kó dijú kó jókòó lórí irin gbọọrọ yẹn bíi ti àtijọ́, kò mọ irin wo ló ń rántí mọ́. Agogo tó ń ró létí rẹ̀, ṣé ti Bàbá ni, àbí ti èyí tó ń nù ní pálọ̀? Wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ra wọn. Kò sí ẹni tó lè bá a ṣà wọ́n lọ́tọ̀, kódà Sípóòkù ò lè ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fọ̀ dànù. Ọjọ́ Àìkú, lọ́sàn-án, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, Ìyá Oníbúrẹ́dì á gbé tíì fún un, wọ́n á sọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ àti iye tí fuláwà ti dà. Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ti kó páànù síta láti sá a. Ọ̀gá Káfíńtà gbójú sókè, ó ní, "Òjò ò ní rọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kó wà níta."

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó jáde sí ojúde, ó sì wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀.